Gbòǹgbò Ni Kí Ẹ Wò: Ìtàn Igi Ọ̀ṣọ́ Inú Ìkòkò àti Bí A Ti Ń Sọ Ọ́ Jí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Ọ̀rọ̀ igi ni, igi ọ̀ṣọ́ tí a gbìn sínú ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń lọ bá àwọn ọmọ wọn gbé ní òkè òkun. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù wọn, ìwé ni mo ń retí. Igi ni wọ́n fún mi. Ẹbí ọ̀dán ni igi náà, irú èyí tí àwọn tí ń ta òdòdó ń pè ní Ficus. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, má jẹ́ kí ó kú." Mo ní, "Kò ní kú, sà."

Kò tó oṣù mẹ́rin tí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ó sì ń já bọ́. Mo fi kún omi rẹ̀. Ewé túbọ̀ ń já bọ́. Mo ra ajílẹ̀, mo bù ú sí i. Ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti òkè wá. Bí ẹ̀gbọ́n bá pè mí lórí fóònù, tí wọ́n sì bèèrè pé, "Igi mi ńkọ́?", èsì tí mo máa ń fọ̀ ni pé, "Ó wà níbẹ̀, sà." Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́ tán.

Níkẹyìn, mo gbé e lọ bá bàbá kan tí wọ́n ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn. Bàbá kò wo ewé rárá. Wọ́n fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀, wọ́n rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ní kò tíì kú. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n gbá ìkòkò náà létí, wọ́n sì fa igi náà yọ. Gbòǹgbò ti ká lé ara wọn bí òṣùká. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti dúdú, ó ti rà, ó ń rùn. Ihò tí omi ń gbà jáde nídìí ìkòkò ti dí pa. Bàbá wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ewé lẹ ń wò. Gbòǹgbò ni kí ẹ wò. Omi tí ẹ ń bù sí i yìí gan-an ló ń pa á."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí mo ti ń ṣe gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bí ọmọ ènìyàn ti ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ tí bàbá kọ́ mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún yìí. Ẹ̀kọ́ náà ti pẹ́ láyé, ó sì ti ná ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀pọ̀ igi.

Kí ni ó ń ṣe igi inú ìkòkò?

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ilẹ̀ ni a ń gbin igi sí. Ọ̀dán wà níwájú ààfin àti láàárín ọjà, kí ènìyàn lè rí ibòji jókòó sí. Akòko àti pèrègún ní ibi tí wọ́n ń hù àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìkòkò ní tirẹ̀ wà fún omi, fún àgbo, fún aró. Bí igi tí ó wà nílẹ̀ bá ń fẹ́ omi, gbòǹgbò rẹ̀ yóò wá a lọ. Igi inú ìkòkò kò ní ibi tí yóò lọ. Ohun tí a bá fún un ni yóò jẹ, ibi tí a bá gbé e sí ni yóò wà.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gbòǹgbò yóò kún inú ìkòkò, yóò sì máa yí etí rẹ̀ po. Ilẹ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú yóò máa fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, yóò sì kì pọ̀ títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí àyè wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbòǹgbò ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń mí. Bí omi bá dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kí ó wà, gbòǹgbò yóò rì, yóò sì jẹrà. Gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé yóò rọ, yóò pọ́n, yóò já bọ́, bí ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ igi náà gan-an. Ẹ wo ibi tí ọ̀fìn wà: àmì òùngbẹ àti àmì àmujù jọ ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tún bu omi sí i.

Ṣáínà àti Jàpáánì

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ẹ̀rí tí ó pẹ́ nípa gbígbin igi kékeré sínú àwo ti wá. Nínú ibojì ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Zhanghuai, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 706, àwòrán wà lára ògiri tí ó fi ìránṣẹ́ hàn tí ó gbé àwo kan lọ́wọ́, tí òkúta àti igi kékeré wà nínú rẹ̀. Penjing ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọnà yìí. "Pen" ni àwo, "jing" sì ni ìrísí ibi tí ojú ń wò. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Jàpáánì, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní bonsai. "Bon" ni àwo pẹrẹsẹ, "sai" ni ohun tí a gbìn. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí. Orúkọ ti Ṣáínà ń sọ ohun tí ojú ń rí. Orúkọ ti Jàpáánì ń sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe.

Àwòrán ìwé kíká kan ní Jàpáánì tí ó ti ọdún 1309 wá fi igi inú àwo hàn. Eré onítàgé Noh kan tún wà tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Hachi no Ki, èyí tí í ṣe "Àwọn Igi Inú Ìkòkò". Jagunjagun kan tí ó ti tòṣì ni a sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀. Àlejò kan yà sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí yìnyín ń bọ́. Kò ní igi ìdáná, ó sì gé igi ọ̀ṣọ́ mẹ́ta tí ó ṣẹ́ kù fún un láyé láti fi yáná fún àlejò náà. Kò mọ̀ pé aláṣẹ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó para dà wá. Bí ẹbọ náà ti tóbi tó lójú àwọn òǹwòran ni ó fi yé wa pé ní ayé ìgbà náà, igi inú ìkòkò ti kúrò ní nǹkan ṣeréṣeré.

Òwe wa ní láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwọn ará Jàpáánì fara mọ́ apá kìíní òwe náà, ṣùgbọ́n wọn kò gba apá kejì. Àti kékeré, àti àgbà, wọ́n ń pẹ̀ka. Kì í sì í ṣe ẹ̀ka nìkan. Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, wọn a yọ igi náà kúrò nínú àwo, wọn a tú gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹni ń tú irun, wọn a gé díẹ̀ kúrò, wọn a sì dá a padà sínú ilẹ̀ tuntun tí omi ń yára kọjá nínú rẹ̀. Ohun tí ó dà bí ìyà ni ó ń mú un pẹ́ láyé.

Àpótí tí ń ṣí ní Versailles

Lọ́nà jíjìn sí Jàpáánì, àwọn ará Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Òtútù ilẹ̀ wọn kò jẹ́ kí igi ọsàn lè gbé nínú ilẹ̀ ní gbogbo ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọba àti ìjòyè fẹ́ràn òórùn òdòdó rẹ̀. Nítorí náà, inú àpótí ni wọ́n ń gbìn ín sí, kí wọ́n lè gbé e wọlé nígbà òtútù. Ní Versailles ní ilẹ̀ Faransé, Ọba Louis XIV ní kí Jules Hardouin-Mansart kọ́ ilé ńlá kan fún àwọn igi wọ̀nyí láàárín ọdún 1684 sí 1686. Ilé náà gùn ju mítà 150 lọ. Títí di òní, àwọn igi inú àpótí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń kó wọ inú rẹ̀ nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń kó jáde sí ìta gbangba nígbà ooru.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni àpótí náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣí. Igi ọsàn tí ó ti dàgbà wúwo, kò ṣeé fà yọ bí bàbá ti fa tèmi yọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kan àpótí tí a lè ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Olùtọ́jú ọgbà yóò ṣí i, yóò wo gbòǹgbò, yóò gé èyí tí ó yẹ ní gígé, yóò ha ilẹ̀ tí ó ti gbó kúrò, yóò ki tuntun bọ̀ ọ́, yóò sì tì í padà. Igi kò ní kúrò lójú kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí èmi kò mọ̀: bí a kò bá rí gbòǹgbò, a kò mọ bí ara igi ti rí. Jean-Baptiste de La Quintinie, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin kí ó tó di olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà oúnjẹ ọba, kọ ìwé kan lórí ọgbà tí odindi apá kan nínú rẹ̀ dá lórí igi ọsàn. Ó kú ní ọdún 1688. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1690.

Nínú àwọn igi ọba wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Connétable. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1421 ni wọ́n gbin kóró rẹ̀ ní Pamplona. Ó kọjá láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn, ó dé Fontainebleau, ó sì dé Versailles nígbà ayé Louis XIV. Ó ṣì wà láàyè nínú àpótí ní ọ̀rúndún 19. Ìjòyè tí igi náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti kú, ọba tí ó gbà á ti kú, ìjọba ọba ti wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, olùtọ́jú ọgbà sì ń ṣí àpótí.

Ìlú àwọn olùtọ́jú igi

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Jàpáánì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo, iná sì jó apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Àwọn tí ń ṣòwò bonsai láàárín ìlú wá ibi tí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ti mọ́. Wọ́n rí i ní Ōmiya, ní àríwá Tokyo, wọ́n sì tẹ abúlé bonsai dó síbẹ̀ ní ọdún 1925. Wọ́n ṣe òfin fún ara wọn. Ẹni tí yóò gbé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní igi mẹ́wàá ó kéré tán. Kò gbọdọ̀ kọ́ ilé alájà. Igi wẹ́wẹ́ ni yóò fi ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò sì máa wà ní ṣíṣí fún àlejò.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, nǹkan le fún wọn. Nígbà ogun, ta ni yóò gbà pé títọ́jú igi ọ̀ṣọ́ jẹ́ iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, igi púpọ̀ sì ṣègbé. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí ilé bá ṣófo fún oṣù mẹ́fà, a lè padà wá gbá a. Bí àwo pẹrẹsẹ kan bá wà nínú oòrùn láìsí omi fún ọjọ́ mélòó kan, ohun tí ó gba igba ọdún láti ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn.

Páìnì ìdílé Yamaki

Ní ìlú Hiroshima, ìdílé Yamaki ní igi páìnì funfun kan tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo. Láti erékùṣù Miyajima ni irú rẹ̀ ti wá, ọdún 1625 ni a sì ń ka ìtọ́jú rẹ̀ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945, ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ju àdó olóró átọ́míìkì sí ìlú náà. Ilé Yamaki kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta lọ sí ibi tí ó bú sí. Gíláàsì fèrèsé fọ́ lu àwọn ará ilé, ó ṣe wọ́n léṣe, ṣùgbọ́n kò pa wọ́n. Ògiri gíga kan wà láàárín igi náà àti ibi tí ìbúgbàù ti wá. Ògiri náà ni ó gbà á là.

Báyìí ni a ṣe máa ń sọ ìtàn náà, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá olódòdó ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ kejì ni mo máa ń rò. Oṣù kẹjọ ni, oòrùn ń mú ní Jàpáánì. Ìlú ti jó, òkú wà káàkiri. Àwo bonsai kì í sì í gba omi dúró pẹ́. Ògiri gba igi náà lọ́wọ́ ìṣẹ́jú kan péré. Kò lè bu omi. Bí igi náà bá la oṣù náà já, a jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1976, Amẹ́ríkà pé igba ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn oníbonsai Jàpáánì fún orílẹ̀-èdè náà ní bonsai mẹ́tàléláàádọ́ta. Masaru Yamaki mú páìnì ìdílé rẹ̀ kalẹ̀, ó fi fún orílẹ̀-èdè tí ó ju àdó olóró náà. Àwọn igi náà ti dé ní ọdún 1975. Nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò àti àrùn, a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọdún kan ní Glenn Dale, ìpínlẹ̀ Maryland, kí a tó kó wọn lọ sí ọgbà igi ìjọba àpapọ̀ ní Washington. Àwọn olùtọ́jú níbẹ̀ ń bu omi fún páìnì náà, wọ́n ń tún un lọ́, wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2001 ni méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ Yamaki wá láti Jàpáánì kí wọ́n lè rí igi bàbá wọn àgbà. Àwọn ni wọ́n sọ ìtàn náà. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ń tọ́jú igi náà nítorí pé igi ni, nítorí pé a fi í lé wọn lọ́wọ́.

Bí a ti sọ tèmi jí

Ohun tí bàbá ṣe fún igi ẹ̀gbọ́n mi kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ōmiya àti ní Versailles. Wọ́n fi ọ̀bẹ mímú tí wọ́n ti nù mọ́ gé gbogbo gbòǹgbò dúdú títí tí wọ́n fi kan èyí tí inú rẹ̀ funfun tí ó sì le. Wọ́n gé ẹ̀ka díẹ̀, kí ewé má baà pọ̀ ju ohun tí gbòǹgbò tí ó ṣẹ́ kù lè bọ́ lọ. Wọ́n la ihò ìdí ìkòkò, wọ́n po yanrìn tí kò kúnná mọ́ ilẹ̀ ewé jíjẹrà àti èédú wẹ́wẹ́, wọ́n sì gbin igi náà padà. Wọ́n ní kí n gbé e sí ibòji, kí n má fún un ní ajílẹ̀ kankan títí tí yóò fi yọ ewé tuntun, nítorí pé a kì í fi iyán lé aláìsàn tí kò tíì lè jókòó lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ kí n tó bu omi. Bí ó bá tutù, kí n fi í sílẹ̀.

Kí ẹni tí ó ní páìnì má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀ o. Olu tín-ín-tín kan tí ó funfun bí òwú ń gbé lára gbòǹgbò páìnì, ó ń bá a fa omi àti oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fọ gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ kúrò ti lé ọ̀rẹ́ igi náà lọ. Ẹbí ọ̀dán le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fara da ọ̀bẹ.

Mo dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò rí nǹkan kan. Iṣẹ́ tí ó le jù nínú ìwòsàn igi ni kí ènìyàn má ṣe nǹkan kan nígbà tí ó yẹ kí ó dúró. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojú ewé pupa rẹ́súrẹ́sú kan yọ lára èèpo ẹ̀ka ìsàlẹ̀, kò ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n pè, tí wọ́n bèèrè igi wọn, mo sọ òtítọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ́. Wọ́n ní, "Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ta ni wà á fún nígbà tí ìwọ náà bá fẹ̀yìn tì?"

N kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń fi bí wọ́n ṣe ń ti ìka bọ ilẹ̀ han àbíkẹ́yìn mi. Ire o. Ó dìgbà kan ná.